Ìjà Àràárọ̀ Bàbá Oyèníran

Kò sí ẹni tó wà ní ìsìn ìkórè ọdún yẹn tó gbàgbé bí Bàbá Oyèníran ṣe fi ìdìde kan ṣoṣo parí ìwàásù. Àlùfáà àlejò ló gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ náà, ó sì ti kéde pé kókó mẹ́fà ni òun mú wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ èkejì mọ́ ni aago ọwọ́ Bàbá Oyèníran ké. Dókítà ti sọ fún Bàbá pé ìjókòó pípẹ́ kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó máa dìde kí ó na ara. Dókítà kò sọ pé àfi inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá dìde.

Ohun tí dókítà kò mọ̀ ni pé Bàbá Oyèníran ni sitúwáàdù àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn, àga iwájú pátápátá ló sì máa ń jókòó sí. Ọdún méjìlá ni ìjọ ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó. Bó ṣe dìde, ìlà kejì dìde. Ìlà kẹta rí ìlà kejì, àwọn náà dìde, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sùn lẹ́yìn, àwọn yẹn ló sì yára jù. Atẹdùùrù gbójú sókè, ó rí gbogbo ènìyàn lórí ìdúró, ó rò pé oorun ló gbé òun lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin ìkẹyìn pẹ̀lú agbára ẹni tó ń bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀.

Leah, ìyàwó Bàbá, fà á ní etí agbádá. "Bàbá Dèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ó ku ìṣẹ́jú kan," ni Bàbá wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi tú ẹ̀yìn.

Ìjọ rí ọwọ́ lókè, wọ́n di ojú, wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kí ìṣẹ́jú kan náà tó pé, àwọn ọmọdé ti wà níta, àlùfáà àlejò sì dúró sórí àga ìwàásù pẹ̀lú kókó mẹ́rin lọ́wọ́ bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lórí. Láti ọjọ́ náà, bí ìwàásù bá ti ń gùn, ojú gbogbo ìjọ kì í kúrò lára aago ọwọ́ Bàbá.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi bá àwọn oníṣòwò yanjú ìwé ẹrù ní ẹnubodè Seme. Ó mọ ẹrù tó yẹ kó kọjá, ó sì mọ èyí tó yẹ kó padà sí ibi tó ti wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ibereko, tí kò rí ọkọ̀ akẹ́rù kankan yẹ̀ wò mọ́, ó sọ ẹnu ara rẹ̀ di ẹnubodè, ó sì sọ Leah di oníṣòwò.

"Kí ni ẹrù?" ni Bàbá máa ń bi í bó bá ti gbé oúnjẹ dé.

"Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Bíńtín ni."

"Ta ló wọn bíńtín náà? Ìwé rẹ̀ dà?"

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Leah, kì í fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n Ègùn ni ìyá tó bí i, bí inú bá sì bí i dáadáa, Ègùn ló máa ń sọ. Bàbá náà gbọ́ Ègùn díẹ̀, àmọ́ gbogbo èyí tó gbọ́ kò ju èyí tí ènìyàn fi ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Oúnjẹ a kọjá.

Gúrúdì ni kì í kọjá. Leah fẹ́ràn gúrúdì tó gbẹ dáadáa, tí àgbọn pọ̀ nínú rẹ̀, bó bá sì ti lọ sí ọjà Àgbádárìgì, ọ̀rá kan ló máa ń rà bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ti ń gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ní ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún obìnrin tó ti di ìyá àgbà. Ó ti tó ọ̀rá mẹ́jọ tó gbà kí Leah tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ibi tí ẹrù tí wọ́n gbà ń wọlé sí. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Bàbá lábẹ́ igi àgbọn, ọ̀rá wà lórí itan rẹ̀, eérún wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá Dèjì, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Bàbá kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu mì. "Mò ń run ẹrù ni," ó wí. "A kì í dá irú rẹ̀ padà sínú ìlú."

Kì í ṣe ara nìkan ló ń tọ́jú. Ó ní ọkàn náà nílò ìsinmi, pé ẹni tó bá ń ronú láti àárọ̀ di alẹ́ dà bí ẹni tó ń jẹun láti àárọ̀ di alẹ́, inú yóò run ún. Nítorí náà, ó fún ìrònú ní àkókò tirẹ̀: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ da ilé láàmú kí aago mẹ́rin tó lù, ó ní kí ó lọ tò sórí ìlà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Leah sáré wọlé. Òbúkọ kan, tó gbé ìwo méjì rù bí ọ̀kọ̀, ti wọ àgbàlá, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba Leah.

"Bàbá Dèjì, òbúkọ ń jẹ bùbá yín lórí okùn aṣọ."

"Bùbá wo?"

"Aláwọ̀ ewé tí Dèjì fi ránṣẹ́."

Bàbá mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Aago mẹ́rin," ó wí.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Bàbá jókòó sórí àga ìrònú rẹ̀, ó gbé jígí sójú, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bùbá wá. Ọrùn bùbá nìkan ni Leah rí gbé wá.

Ẹ̀rín náà tún wà níbẹ̀. Bàbá ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀rín ń tú ọkàn lára, ni ó bá sọ ẹ̀rín mẹ́ta di dandan lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Bí ohun ẹ̀rín bá ṣẹlẹ̀, ó dára. Bí kò bá sí, Bàbá a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kọjú sí ògiri tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti aládùúgbò, a sì rín in bí ẹni ń gún iyán, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Abdulbasit ọlọ́kadà gbé ẹja wá fún Leah lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́ ẹ̀rín, ó yọjú, kò rí ẹni tí wọ́n jọ ń rín in. Ó gbé ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dúró gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí Leah kò rí fi rẹ́rìn-ín lásìkò yẹn. Ohun náà wà ní òdì kejì ògiri.

Àlájì Abdulhameed Sàlámì ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, ẹni tó ń ta táyà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí Mubarakah ìyàwó rẹ̀ kú, Àlájì ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ṣe ti ogójì ọjọ́, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Mùíz ọmọ rẹ̀ ló wá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Àlájì kò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́ àfi ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó yá, kò lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Oúnjẹ tí Leah bá gbé ránṣẹ́ sí i ń padà bó ṣe lọ, ọmọrí abọ́ kò ṣí. Leah mọ ibi tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ. Bàbá tó bí i jókòó báyìí lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ọdún kan kò pé tí wọ́n fi sin òun náà.

"Ẹ bá mi gbà á," ó sọ fún Bàbá Oyèníran. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú sínú yàrá."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni Bàbá kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi lọ jókòó ti Àlájì, ó ń dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń sọ̀rọ̀ ewébẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ omi mímu, ó ń sọ̀rọ̀ atẹ́gùn òwúrọ̀. "A dúpẹ́," ni Àlájì ń wí sí gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, Bàbá padà wálé, ó jókòó sórí àga ìrònú rẹ̀ láago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ̀rù ba Leah. Kò sí ohun tó tíì mú Bàbá ronú láago mọ́kànlá rí.

"Ìtùnú ló ń pa á," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Gbogbo ènìyàn ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà."

Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Bàbá dá Abdulbasit dúró pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Àlájì. Ohùn tó fi ń pe awakọ̀ akẹ́rù ní Seme ló gbé jáde. Leah wà lẹ́nu géètì tó ń gbá ilẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Abdulbasit, ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo ti lúwẹ̀ẹ́ la ọ̀sà yìí já rí?"

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Títí dé Gberefu. Àwa méjì la jọ bọ́ sómi. Èmi gúnlẹ̀, mo sùn, mo jí, ẹnì kejì ò tíì dé. Omi ló ń mu kiri."

"Ta ni ẹnì kejì?"

"Má jẹ̀ẹ́ ká dárúkọ ẹ̀. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́."

Fèrèsé ṣí. Orí Àlájì yọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dàrú, ojú rẹ̀ ti wọnú. "Oyèníran," ó wí, "ta lo sùn dè?"

"Àlájì, o jí? Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Mò ń lọ na ẹsẹ̀ mi ni."

"Dúró kí n dá ẹ lóhùn."

"Èmi kì í dúró. Dókítà ní kí n máa rìn. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, fi ẹsẹ̀ gbé e wá."

Bàbá yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Ìlẹ̀kùn tí Àlájì kò tíì gbà jáde láti ogún ọjọ́ ṣí. Àlájì jáde, sálúbàtà tirẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ kan, ti Mùíz wà ní ẹsẹ̀ kejì, ó sì ń lé òpùrọ́ lọ. Bó bá ti fẹ́ bá a, Bàbá a fi ìṣísẹ̀ kún un. Bó bá sì fẹ́ rẹ̀ ẹ́ kó padà, Bàbá a dẹsẹ̀ díẹ̀, a ju irọ́ mìíràn sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé etí ọ̀sà.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Àlájì ti làágùn, ojú rẹ̀ le koko. "Màmá Dèjì," ó wí fún Leah, "ọkọ yín ò ní ìtìjú. Ẹ fún mi lómi." Ó mu ún tán. Ó wo ẹ̀yìn Leah lọ síbi iná. "Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Mọ́ínmọ́ín ni, Àlájì. Ṣé ẹ lè jẹ ẹ́?"

"Ẹ gbé e wá. Inú tó ń bí mi yìí, n ò lè máa gbé e kiri láìjẹun."

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rin ọ̀nà náà láràárọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á jọ wà lábẹ́ agboòrùn kan, wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa jiyàn. Bí Àlájì bá mú ẹ̀rí tó lágbára wá, Bàbá a wo oòrùn, a ní ó ti ń mú, kí àwọn fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bí Àlájì kò bá tíì lo oògùn rẹ̀, Bàbá kì í dá a lóhùn. Ó ní òun kì í bá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jiyàn, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló pa á. Àlájì a yára gbé oògùn mì, a nu ẹnu, a ní, "Ó yá, tún irọ́ yẹn pa." Kò pẹ́ tó fi padà sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun fẹ́ lọ béèrè bóyá ẹni tó ń bá òpùrọ́ rìn láràárọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn.

Leah kò lè pa á mọ́ra mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Bàbá Dèjì, ta ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ gan-an?"

Bàbá wo ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ni. Èmi ò tilẹ̀ gúnlẹ̀. Jayéọlá apẹja ló fà mí sínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sà, tí mò ń bì."

"Ẹ sì ń bá a jà láti ọjọ́ yìí?"

"Bí mo bá gbà fún un, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, yóò padà wọlé. Ṣé kí n fi òtítọ́ pa ọ̀rẹ́ mi ni? Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, Leah. Ó lúwẹ̀ẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ó wù mí kí n sọ fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìrìn, lẹ́yìn ewébẹ̀, Bàbá dùbúlẹ̀ fún oorun ọ̀sán rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni, kì í jẹ́ kó lé. Ọjọ́ yẹn ló lé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni.

Ọládiméjì télọ̀ wá kí Leah, ó jókòó, ó mi orí títí. "Màmá, ẹ má bínú o. Gbogbo ewébẹ̀ tí Bàbá jẹ yẹn, kí ló wá ṣe fún wọn?"

"Kì í ṣe nítorí kó má baà kú ló ṣe ń jẹ ẹ́," ni Leah wí. "Kó lè máa yọ èèyàn lẹ́nu títí di ọjọ́ ikú ni. Ó sì ṣe é."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú Leah wà lókè ògiri. Láti ọjọ́ ìsìnkú, fèrèsé Àlájì kò ṣí. Ó wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó wò ó ní ọjọ́ kejì, ó wò ó ní ọjọ́ karùn-ún. Ó bi Mùíz léèrè, Mùíz ní bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé. Leah rò ó wò pé ìjàǹbá méjì ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun yìí: ọkọ òun lọ, iṣẹ́ tí ọkọ òun fi ọdún mẹ́ta ṣe náà sì fẹ́ bá a lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wé gèlè, ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé náà láago mẹ́fà ààbọ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Kí òun kàn sọ̀rọ̀ kan tó le, kí òun sọ pé Oyèníran ló yára jù lómi. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì gbé ohùn sókè sí ọkùnrin àgbà kankan ní èdè Yorùbá rí láyé rẹ̀, ohùn náà kò sì jáde. Ó padà sílé, ó jókòó, ojú tì í.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹsàn-án ti kọjá díẹ̀, Leah ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀. Àlájì ló wọlé. Ó wọ kaftánì mímọ́, ó ti gé irùngbọ̀n. Ó fa àga ìdáná kan, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Màmá Dèjì, ẹ kú ìrójú. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, bí n ò bá sọ ọ́, n ò ní lè sùn."

"Ẹ máa sọ ọ́, Àlájì."

"Àwọn ọdún mẹ́ta yìí, ẹ máa rò pé ìjà lásán ni mò ń bá ọkọ yín jà."

Leah ń fọ ìkòkò lọ.

"Oyèníran ò gbádùn," ni Àlájì wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tú àṣírí òkú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí lè má mọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á jáde wá bá ògiri, á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta, á wọlé. Òun nìkan. Mo ní háà, ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ. Àfi ọjọ́ tó wá sábẹ́ fèrèsé mi tó ní òun sùn dè mí ní Gberefu. Ẹni tí Jayéọlá fà sínú ọkọ̀ bí ẹja, lójú mi, tí mo jókòó lórí iyanrìn tí mò ń jẹ àgbọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó dá a lójú. Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ ti fẹ́ yí."

"Ẹ ò wá já a nírọ́?"

"Kí n já a nírọ́, kí ló máa kù tí yóò máa bá a jí? Ara mi ò yá lásìkò yẹn, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ jáde. Mo ní bí n ò bá jáde bá a jà, ta ni yóò bá a jà? Jayéọlá ṣì wà láàyè ní Kankon. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí. Mo gun ọ̀kadà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sílé." Àlájì fi ọwọ́ nu ojú. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa ẹlẹ́rìí mi mọ́."

Leah gbé ìkòkò sílẹ̀. "Àti láti ọjọ́ ìsìnkú, Àlájì? Fèrèsé yín ò ṣí. Àná, mo wá."

"Àná? Mo ti jáde. Aago mẹ́fà ni mò ń lọ báyìí, kí àwọn èèyàn tó jí, kí wọ́n má baà máa dá mi dúró kí mi kú ọ̀fọ̀. Ẹsẹ̀ náà ti mọ ọ̀nà, kò gbọ́ pé ẹnì kejì ò sí."

Leah wo sálúbàtà rẹ̀. Méjèèjì bára mu, iyanrìn etí ọ̀sà tó ṣì tutù sì lẹ̀ mọ́ wọn yípo. Òtítọ́ dé orí ahọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀, pé ta ló ń tọ́jú ta. Ó rò ó wò. Ó gbé e mì.

"Ẹ ṣeun, Àlájì," ó wí. "Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀."

"Kò ni mí lára," ni Àlájì wí. "Aláìsàn tó gbọ́ràn ni."

Ni Leah bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, tó fi aṣọ bo ojú, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Àlájì jókòó tì í lórí àga ìdáná náà. Kò tù ú nínú, kò sì bi í léèrè bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.